Òkú Tí A Kò Dín Wàìnà Fún

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa níbí, kò sẹ́ni tó ń ka iye òkú lórí rédíò. Ikùn la fi ń kà á. Bí àgbàlagbà kan bá kú láàárín àwa Mùsùlùmí, wọn a ṣe fídáù, wọn a dín wàìnà, àkàrà ìrẹsì, wọn a fi ṣe sàráà fún àwa ọmọ iléekéwú. Lọ́dún tí sankarau jà, àìsàn tí í mú ọrùn ènìyàn gan bí igi, wàìnà tí mo jẹ pọ̀ débi pé bí mo bá yí lójú oorun, wọn a máa gbọ́ bí òróró ti ń dún nínú mi láti Fagge, àdúgbò kejì sí wa. Ẹ rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rín náà ò ní pẹ́.

Nígbà tí wàìnà di ojoojúmọ́, ẹ̀rù ba ìyá mi. Ó ní èmi àti àbúrò mi obìnrin kò gbọdọ̀ dé iléekéwú mọ́. Nígbà tó ṣe, a ò gbóòórùn wàìnà mọ́. Alhaji kan ládùúgbò, tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, wá bá ìyá mi nílé.

Ó ní, "Ìyá ọmọ, ta ló tún ṣe fídáù láti ọjọ́ yìí? Àìsàn ti lọ. Jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ kéwú wọn."

"Alhaji, ọkàn mi ò tíì balẹ̀."

"Ọkàn obìnrin kì í tètè balẹ̀." Bàbá mi bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò ni pé àgbà nìkan là ń dín wàìnà fún. Òkú ọmọdé, òfò ni. Wọn a yára sin ín, bàbá àti ìyá ò ní dé ibojì, a ò ní kéde, a ò ní dáná. Sankarau ò lọ. Àwọn ọmọdé ló kù tó ń mú.

Àwa méjèèjì la jọ gbé wàláà padà lọ sí iléekéwú. Bóyá wàìnà tó kún inú mi ni kò jẹ́ kí sankarau ráyè wọlé sí mi lára. Àbúrò mi ló di ọrùn mú padà wálé. Kò pẹ́, wọ́n gbé e jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji ń kọjá lọ. Kò tíì gbọ́ pé ọmọ kú nílé wa. Ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Alhaji fimú fa atẹ́gùn, ó ní, "Kò sí wàìnà lónìí náà. Alihamudulilahi." Ìyá mi dáhùn pé, "Alihamudulilahi," ó dìde, ó wọlé.

Nígbà tí kòrónà wá ń rọlẹ̀, rédíò ní òkú ti dín kù. Ọmọ-ọmọ mi pàtẹ́wọ́, ó fi Hausa sọ fún mi pé, "Baba, an gama," ó ti tán. Mi ò bá a jà. Ìwé tó kà ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń tò sí sààfù, ìlà ìrun, kan náà ní mọ́sálásí kú sórí ẹní rẹ̀ nílé. Kò dé ọsibítù, ẹnikẹ́ni ò yẹ ẹ́ wò, a sin ín kí oòrùn tó mú.

Ayé ti yí lóòótọ́. Ikùn la fi ń ka òkú nígbà tiwa, ẹ̀yin ń fi ẹ̀rọ kà á. Àbúrò mi ò sí nínú tiwa, ọ̀rẹ́ mi ò sí nínú tiyín. Bí wọ́n bá tún ní òkú ti dín kù, ẹ kọ́kọ́ bá mi bi wọ́n: òkú ta ni?