Pásítọ̀ Tí Ìjọ Wa Lé Lọ

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn pásítọ̀ wa ní Ìlọra. Kí àdúrà àpapọ̀ àwọn ìjọ tó bẹ̀rẹ̀, á ní, “Ta la ò tíì rí?” Bó bá jẹ́ ìjọ aláṣọ funfun ni, á gun ọ̀kadà lọ pè wọ́n fúnra rẹ̀.

Inú bí àwọn àgbà ìjọ wa. Wọ́n ní, “Bàbá, àwa ni àbí àwọn?”

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, Baba kan náà ló bí wa.”

Nígbà tó yá, wọ́n pe ìpàdé ìjọ, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Bàbá fi ìjọ wa sílẹ̀ nawọ́ sókè. Ẹ̀rù bà mí, mo nawọ́.

Fìdítì tó kó lọ lẹ́yìn náà ló kú sí. Nínú ìjọ wa, èmi nìkan ló lọ síbi ìsìnkú. Ìyàwó rẹ̀ ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Ó máa ń gbàdúrà fún ọ.”

N kò lè wo ojú rẹ̀.