Ẹni Tó Ń Pe Saubana ní Àdìgún

Ẹ má tíì fi Saubana ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù kan ní Atlanta, Ellenwood ló ń gbé, kì í sì í ra bàtà lásán lórí fóònù láìwádìí. Òun náà ni wọ́n wá fi máṣíìnì lù ní jìbìtì.

Alùpùpù Honda àtijọ́ ló ń wá, irú èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń gbé ìyá rẹ̀ kiri Ìsẹ́yìn, tí òun á jókòó há sáàárín àwọn méjèèjì. Bàbá ti kú tipẹ́. Ìyá náà kú lọ́dún tó kọjá, Saubana ò sì ráyè lọ sin ín. Láti ìgbà yẹn ló ti ń wá máṣíìnì náà bí ẹni ọmọ rẹ̀ sọnù.

Ó rí ọ̀kan nínú ìpolówó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tawheed lẹni tó ń tà á pe ara rẹ̀, ó ní Texas lòun wà. Bó ṣe gbọ́ pé Yorùbá ni oníbàárà òun, oríkì ló kọ́kọ́ béèrè. Saubana sọ ọ́ fún un.

“Àdìgún,” ló wí pẹ̀lẹ́, “ẹ kú àjò o. Ẹsẹ̀ ayọ̀ lẹ ó fi padà sílé.”

Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Sab ni níbi iṣẹ́, Daddy Hikmah ni nílé, nítorí Hikmah ọmọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń pè é ní Àdìgún. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ti Tawheed yọ obì tàpò-tàpò.

Raheemat ìyàwó rẹ̀ ní, “Daddy Hikmah, ẹ jẹ́ kí Seth check ẹ̀ first.” Seth àti Saubana ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ó mọ máṣíìnì dáadáa. Ó ní kí Saubana béèrè nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Ojú ti Saubana. Báwo lèèyàn ṣe ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ń ki òun? Ó fi owó ránṣẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù á gbé e dé, ó gbá gáréèjì, ó dúró títí. Ọkọ̀ ò dé. Tawheed ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Seth fi hàn án pé àwòrán máṣíìnì ẹlòmíì ni wọ́n jí lò. Saubana ò lè jẹun. Ó ní ó dà bíi pé ìyá òun tún kú ni.

Inú bí Raheemat. Ó fi fóònù tirẹ̀ tẹ nọ́ńbà náà, ó tan sípíkà rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ lè bú olè náà tẹ́rùn. Tawheed gbé e. Saubana ní nítorí máṣíìnì lòun ṣe pè.

“Ah, ará ilé,” ni Tawheed wí, ó rò pé oníbàárà tuntun ni. “Kí ni oríkì yín, sà?”

Raheemat ń wojú ọkọ rẹ̀, ó ń retí èébú.

“Àdìgún ni,” ni Saubana wí.

Tawheed bẹ̀rẹ̀, àdúrà kan náà, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Raheemat nawọ́ láti pa fóònù náà. Saubana di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, kó lè gbọ́ ọ tán.