Agbọ̀n Màmá City Island

Ẹ lè ní àìríṣẹ́ṣe ló dà mí lórí rú. Rárá o. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lókè, mi ò sì mu nǹkan kan ju tíì lọ.

Ọdún méjì ni mo ti ń wáṣẹ́ látìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì. Níkẹyìn, iléeṣẹ́ kan tó ń mú àlejò rìn káàkiri City Island, ìlú èbúté kékeré tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ dó ní Bronx, nílùú New York, láyé ìgbà tí ọba wọn ń ṣàkóso ibẹ̀, ní kí n wá ṣe ìdánwò. Kí n dá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n máa ń mú àlejò gbà, kí n bá ọ̀gá létí omi láago mẹ́ta. Bí mo bá pẹ́, ó parí. Mo tètè kúrò nílé wa ní Tremont, ní Bronx kan náà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì onípákó funfun kan ni mo ti rí màmá arúgbó kan, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, ó ró ìró, ó ru agbọ̀n ìkarahun tó ń kán omi. Ara mi ò gbà á. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín rù ú."

"O ṣeun, ọmọ mi."

A rìn títí. Ṣọ́ọ̀ṣì. A tún rìn. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà tún nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, a ò yà síbì kankan! Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí pé inú ń bí mi sí àgbàlagbà. Ọrùn ń dùn mí.

"Ṣé ó ṣì jìnnà, mà?"

"A ti dé."

Ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún! Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Omijé ti ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè da ẹrù àgbà sílẹ̀ lójú títì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an là ń lọ?"

Ó sún mọ́ etí mi. Èémí rẹ̀ tutù bíi yìnyín.

"O ò bi mí kó o tó gbà á." Ó wá rọra fi kún un pé, "Ó ku agbọ̀n mẹ́ta. Ní Sátidé."

Mo ṣẹ́jú báyìí, etí omi ni mo wà. Aago mẹ́ta géérégé. Kò sí màmá, kò sí agbọ̀n, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti rin èjìká mi méjèèjì gbingbin.

Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. "O gba iṣẹ́ náà. Sátidé lo máa bẹ̀rẹ̀."

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi.

"Ta ló ní kó o gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó ò mọ̀ rí?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi!"

"Àgbà tó wà láàyè ni mo ní kó o máa ràn lọ́wọ́!"

Bí ẹ bá dé City Island, ẹ kí àgbà o. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹrù wọn.

Ọ̀la ni Sátidé. Mo sì fẹ́ iṣẹ́ yìí.