Páásípọ́ọ̀tù Méjì Tó Dá Mi Dúró

Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n bí mi sí, nígbà tí bàbá mi ń kàwé níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi padà wá sí Abẹ́òkúta. Ilé-kéwú ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé, mo sì ń dúpẹ́ fún un títí dòní. Lọ́jọ́ wòlímọ̀ mi, àfáà wa ní orúkọ tí ìyá bàbá mi sọ mí kò yẹ ẹni tó ti ka Kùránì parí. Wọ́n sọ mí ní òmíràn, gbogbo ilé ṣe àmín.

Orúkọ tuntun yìí ni mo kọ sí báǹkì, òun náà ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi. Ti àkọ́kọ́ wà nínú páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba tí ìyá mi gbà fún mi ní kékeré. Ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀ tipẹ́, mi ò sì kà á sí.

Àfìgbà tí ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo lóyún ní Lọ́ńdọ̀n. Ní ilé tiwa, ìyá ìyá ọmọ ló ń wẹ ọmọ tuntun. Mo ra òrí, mo ra ọṣẹ dúdú, mo ṣa òkúta inú ìrẹsì Ọ̀fàdà tí màá gbé dání.

Ọkùnrin tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Òkè-Ìléwó béèrè ibi tí wọ́n bí mi sí. Mo fi ìyangàn sọ fún un. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní wọn kì í fún ọmọ onílé ní físà, àti pé lábẹ́ òfin tuntun, bàálù ò ní gbé mi láìsí páásípọ́ọ̀tù tiwọn tí ọjọ́ ò tíì lọ lórí ẹ̀. Ọkọ mi ní ká fi ọ̀rọ̀ ìbí mi pamọ́. Mo ní mi ò lè fi irọ́ lọ kí ọmọ tuntun.

Mo fi páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba tó ti kú ránṣẹ́ sí wọn ní Lọ́ńdọ̀n pé kí wọ́n fún mi ní tuntun. Wọ́n ní orúkọ inú ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, kí n kọ́kọ́ tún ti Nàìjíríà ṣe. Mo gba ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ pẹ̀lú ìwé ìbúra ilé ẹjọ́. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi ni ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní ni ìwé tí mo ti fi ránṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wò mí. “Àlàájà, ẹ̀yin méjì lẹ jókòó sórí àga yìí o. Èwo nínú yín ló fẹ́ rìnrìn àjò?”

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ọmọ fi dé. Ìyá ọkọ ọmọ mi, tí wọn ò kúrò ní Ewékorò lọ sí òkè òkun rí, ti gba físà sórí páásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Wọ́n ti dé ibẹ̀ kí ọmọ tó pé ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọmọ mi pè mí. “Mọ́mì, ẹ má bínú. Wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́.”

Mo béèrè bóyá omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, bóyá wọ́n ń na apá ẹ̀ dáadáa. Ó ní wọ́n ń nà án. Mo kí àna mi kú iṣẹ́, mo ṣàdúrà fún ọwọ́ wọn, tọkàntọkàn ni mo sì fi ṣe é. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rí i pé mo ti ká apá bùbá mi méjèèjì dé ìgúnpá.