Eré Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Aránṣọ

Ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Port Harcourt sọ fún mi lórí fóònù pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni òun fi ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ wo aláwàdà kan, àti pé ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi òun jókòó sí. Nígbà tèmi ní ìlú kan náà, ṣílè méjì ni ìjókòó iwájú, ṣílè kan ni àárín, sísì ni ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ dúró lẹ́bàá ògiri yóò san tọ́rọ́. Fún tọ́rọ́ yẹn, wàá gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀, wàá rí ijó, wàá rí odindi eré. Mo sọ èyí fún ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ló ń bí mi nínú tí mo bá rántí ìtàgé ìgbà yẹn.

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà tí mo parí yunifásítì, tí iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù sì gbé mi dé èbúté Port Harcourt. Mo ti ka ìwé eré púpọ̀, mo sì rò pé mo mọ bí a ti ń kọ ọ́. Yorùbá tó wà nílùú kò kéré: àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà. Níbi ìpàdé wọn ọjọ́ Sunday ni mo ti mọ ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Mánéjà. Ó ní ẹgbẹ́ eré. Ó ní àpótí aṣọ, ó ní àtùpà gáàsì, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti gbó, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá onígbọ̀ngàn sọ̀rọ̀. Eré tuntun ni kò ní. A dòwò pọ̀: èmi yóò kọ ọ́, òun yóò gbé e jáde. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jù mí lọ, “ẹ̀yin” ni mo sì ń pè é nígbà náà. N kò ní pè é bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.

Eré tí mo kọ dá lórí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú sójú omi, tí àwọn ẹbí ọkọ sì fẹ́ lé e jáde nílé. Ẹkún opó yìí ni mo fi gbogbo ẹ̀kọ́ mi kọ. Ojú ìwé méjì gbáko ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun tí mo ti kọ rí.

Ọmọbìnrin tó ṣe opó náà kò wá ṣeré rárá. Aránṣọ ni, Mánéjà ní kó wá tún àwọn aṣọ eré rán. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí. Àbúrò bàbá rẹ̀, oníṣòwò aṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló tọ́ ọ dàgbà. Pìjìnì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó ń kọrin lé ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ní ọgbà ilé ìwé tí a ti ń dánrawò ní àdúgbò Diobu, Mánéjà gbọ́ ọ, ó ní kó dìde wá síwájú.

Ó gbìyànjú ẹkún mi lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, gírámà yìí don too much. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ níbẹ̀.”

Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ó ti mú ẹ̀wù ọkọ tó kú náà lórí okùn tí a sá a sí. Ó ká a, ó tún tú u. Ó wá ń ki ọwọ́ rẹ̀ bọ inú apá ẹ̀wù náà láti ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń wá níbẹ̀. Ó dákẹ́, ó pẹ́ nínú ìdákẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ̀wù rẹ̀ nìyí. Òun dà?”

Káfíńtà tó ń kan ìtàgé wa gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fagi lé ojú ìwé méjèèjì.

Mánéjà ní ìyàwó méjì, òṣèré sì ni àwọn méjèèjì. Bí ọ̀pọ̀ àwọn olórí ẹgbẹ́ eré ti ń ṣe nìyẹn: obìnrin tó bá mọ eré, ọ̀gá yóò fẹ́ ẹ kí ọkọ mìíràn má baà mú un lọ. Nígbà tí pósítà wa ti wà lára ògiri káàkiri Táòn, àárín ìlú, ó ránṣẹ́ pè mí sí ilé oníṣòwò aṣọ náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò wa sí Aba ni. Mo débẹ̀, mo bá obì lórí tábìlì, mo bá àwọn àgbà ìpàdé tí wọ́n jókòó. Ọmọbìnrin náà ń gbé omi fún wọn, kò mọ ohun tí wọ́n wá ṣe.

Mánéjà ṣàlàyé bí ẹni tó ń ta ọjà gidi. Ó ní òṣèrébìnrin tó ṣáájú ọmọ yìí, òun lòun kọ́ ọ lórin, òun lòun kọ́ ọ níjó, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì wá mú un lọ nígbà tí eré ku ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé kí òun tún máa kọ́ òmíràn fún ọkọ ọlọ́kọ ni? Àwọn àgbà mi orí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́nà.

Mo ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú àdéhùn wa. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi, ó ní, “Akọ̀wé, àbí ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ẹ?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó tún gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọmọbìnrin náà gbé àwo omi sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. “Ẹ̀yin bàbá, eré ni mo fẹ́ ṣe. N ò fẹ́ fẹ́ ọ̀gá.”

Mánéjà ní, “Nínú ẹgbẹ́ tèmi, wọn ò ṣe ọ̀kan kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀.”

Àbúrò bàbá rẹ̀ ló wá ti ilẹ̀kùn tó kù. Ó ní ọmọ tí kò lọ́kọ kò ní jáde nílé òun lọ máa bá àwọn ọkùnrin rìn láti ìlú dé ìlú. Tí kò bá fẹ́ Mánéjà, kó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó sì padà síbẹ̀ lóòótọ́.

Mo rò pé eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ń retí kí Mánéjà wá bẹ̀bẹ̀. Mo ti gbàgbé ìyàwó rẹ̀ àgbà, tó máa ń jókòó wo wa ní gbogbo ìgbà tí a bá ń dánrawò, tí kì í sọ̀rọ̀.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ eré. Nígbà tó kan opó, ìyàwó àgbà jáde, ó mú ẹ̀wù lórí okùn, ó ká a, ó tú u, ó ki ọwọ́ bọ inú apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé, títí kan bí ọmọbìnrin náà ṣe máa ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi ìdákẹ́ nìkan ni kò lè ṣe: ó bú sẹ́kún níbẹ̀, ó ké rara. Àwọn èrò sunkún pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ débi pé eré dúró.

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọmọbìnrin náà nínú àwọn olówó sísì. Ó ti sanwó wọlé. Ó dìde, ó jáde, mo sáré tẹ̀ lé e dé ojú títì.

“Bọ̀ọ̀dá,” ó ní, “ọwọ́ mi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún yẹn.”

Ó tún ní, “Kí ló dé tó ń ké? Èmi kì í ké níbẹ̀ now.” Ó ṣẹ́ ìró rẹ̀ sókè nítorí ẹrọ̀fọ̀, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Mo padà sẹ́yìn ìtàgé. Mo sọ fún Mánéjà pé kò gbọ́dọ̀ ṣe eré mi mọ́ láé. Ó ń nu àtíkè kúrò lójú. Ó nawọ́ sínú àpótí, ó mú ìwé tí mo kọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Akọ̀wé, tìrẹ nìyí, mú un lọ. Ibi tí wọ́n ti sunkún yẹn, fi hàn mí nínú rẹ̀.”

Kò sí nínú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, inú ń bí mi. Ẹni tó ni ibẹ̀ ti lọ sílé, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí ènìyàn lè gbé irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé eré náà lọ sí Aba, wọ́n gbé e dé Enugu, dé Jos, dé Kano. Mo ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ níbi tí mo ti ń yẹ ẹrù wò ní èbúté, gbogbo ẹni tó bá sì ti wò ó ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ júwe ẹ̀wù náà fún mi.

Mánéjà ti kú. Wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n pè é ní bàbá àwọn òṣèré. Oníṣòwò aṣọ ti kú, kò sì sí ọ̀kan tó kù nínú àwọn àgbà tó mi orí lọ́jọ́ yẹn. Káfíńtà ti kú. Ìyàwó kejì kú sójú ọ̀nà nígbà tí ogun abẹ́lé ń bọ̀, tí ìlú dàrú tí kálukú ń sá padà sílé. Ìyàwó àgbà ṣì wà láàyè. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ láìpẹ́ yìí, mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ọkọ òun ló kọ́ òun ní gbogbo rẹ̀. Èmi wà. Ọmọbìnrin náà wà, ní Òṣogbo, ó ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ṣeré rí.