Àtàǹpàkò Ìyá Òkè-Oyì

Ọdún keje rèé tí mo ti ń lé oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin n'Ílọrin, ojú mi sì ti rí màbo. Ohun tí mo ń ṣèwádìí lé lórí ni bí àwọn ará ilé ọkọ ṣe ń fi ìwé gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ opó. Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí iléèwé yọ orúkọ mi kúrò. Ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Orí kẹrin ìwé rẹ, ìyá kan ṣoṣo ló dúró lé. Bí kò bá tẹ̀ka sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda pé o lè lo ọ̀rọ̀ òun, a ò lè gbà á wọlé." Ẹ̀rín kẹ̀! Ọlọ́hun ló kó o yọ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ọkọ mi ò tiẹ̀ béèrè mọ́. Ìyá mi ló ń bá mi tọ́jú àwọn ọmọ, kò sì kírun kan kó má bẹ Ọlọ́hun kí n parí. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?

Mo ra ṣúgà àti búrẹ́dì lọ́jà Ìpàta, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkè-Oyì. Ìyá tí ọ̀gá mi ń wí jókòó sójúde, ó ń já ẹ̀pà tútù lára ewé. Ó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹrin rí, ó sì ti ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ fún mi: bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ṣe gbé ìwé kan wá, tó ní ìwé tí ìjọba fi ń pín ajílẹ̀ ni, tí òun sì tẹ̀ka sí i. Àṣé ìwé pé òun ti yọ̀ǹda oko ni.

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé, mo yọ fọ́ọ̀mù àti tàdáwà jáde. Ó di ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúùkù.

"Wàláhì, n kò tẹ̀ka síwèé mọ́ láyé yìí. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò tó ọ ni?"

"Ó tó mi, Ìyá. Iléèwé ni kò tó."

"Kí iléèwé wá bá mi níbí."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ka fọ́ọ̀mù náà fún un láti òkè délẹ̀, ó ní rárá. Inú wá bí mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jágbe mọ́ ọn pé tìtorí àwọn opó bíi tirẹ̀ ni mo ṣe ń jìyà. Irọ́ ni o, oyè mi ni mò ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ẹ̀tàn, ẹkún ọdún méje ni, mo sì sun ún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Ìyá gbé ewé ẹ̀pà sílẹ̀. Ó fi etí ìró nu erùpẹ̀ ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, ó na àtàǹpàkò sí mi.

"Ó tó, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà sunkún lọ́jọ́ tó gbé ìwé tirẹ̀ wá."

Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó yẹ kí n dìde, kí n kó ìwé mi, kí n máa lọ. Mo di àtàǹpàkò náà mú, mo fi kan tàdáwà, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.