Táyà Iwájú fún Katakata Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n kó jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n lè yan táyà méjì. Ẹ má rò pé àsọdùn ni mò ń ṣe o. Alága wà, akọ̀wé wà, igbákejì akọ̀wé wà, ẹni tó ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbàdúrà ìparí. Ẹni tó mọ táyà nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Èmi ni wọ́n padà wá ké sí. Iṣẹ́ fọkanáísà ni mò ń ṣe ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Lọ́wọ́ ọkọ mi ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹbí ní kí n lọ máa ta àdìrẹ bíi ti àwọn obìnrin yòókù. Mo ní àdìrẹ kì í jò, kí ni n ó wá máa lẹ̀? Bí a ṣe ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán, mo gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ síta padà. Àwọn awakọ̀ tí wọn kò mọ̀ mí a máa bi mí pé, "Màmá, ọ̀gá dà?" Èmi a ní, "Ọ̀gá ló dúró níwájú yín yìí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀." Bí mo ṣe di Ìyá Táyà fún gbogbo Abẹ́òkúta nìyẹn.

Katakata tí wọ́n torí ẹ̀ pè mí, katakata kékeré ni, èyí tí èèyàn máa ń jókòó lé tí á fi máa gé koríko. Àlùfáà òyìnbó kan ló fi sílẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé. Láti ọdún gbọọrọ, Bàbá Ṣóbándé nìkan ló ń wà á. Ọ̀gá ilé ìwé ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ní gbogbo àràárọ̀ Sátidé, Bàbá á gé koríko iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wá kọjá sẹ́yìn, níbi tí a ń sin òkú sí. Ibẹ̀ ni ìyàwó wọn, Màmá Ìbídùn, wà. Orúnkún Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, wọn kò lè mú àdá, wọn kò lè fi ọwọ́ tu koríko. Katakata yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú ojú oórì ìyàwó wọn. Àwọn tí ṣọ́ọ̀ṣì ń háyà láti fi àdá ṣán ibẹ̀ a máa fi koríko sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, Bàbá a sì máa wò ó títí ìsìn á fi parí, inú wọn kò ní dùn.

Táyà iwájú katakata náà méjèèjì ló wá bàjẹ́. Ó ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́, kò gba afẹ́fẹ́ mọ́. Àwọn àgbà ìjọ bá fẹnu kò pé bí kò bá ṣiṣẹ́ títí di Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí àyè ìgbọ́kọ̀sí lè pọ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọn kò gbìyànjú, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀.

Ẹnjiníà Ṣówọlé ni alága. Bàbá dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ìjọba ló ti ṣe ẹnjiníà títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìwé ló ń fọwọ́ sí, gíríìsì kò kàn án lọ́wọ́ rí. Arábìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ń ṣiṣẹ́ ní báńkì l'Ékòó, ó ń jí lọ lójoojúmọ́, nítorí náà ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n lè ṣèpàdé, ó sì máa ń sùn nínú ìpàdé. Ìpàdé kẹrin ni mo bá wọn pé sí. Alága na fóònù sókè, ó ń fi àwòrán táyà hàn wá.

"Eléyín gan-gan yìí ló wù mí," ó ní. "Ẹ wo bó ṣe lágbára."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n kọ sára èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀?"

Alága wo akọ̀wé, akọ̀wé wo ìwé. Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe, bẹ́ẹ̀ ibi tí katakata wà kò tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí yàrá ìpàdé, ẹnìkan kò tíì lọ wò ó! Ẹsẹ̀ là ń wò kí a tó ra bàtà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wo táyà iwájú katakata kékeré ní láti kúnlẹ̀ nínú eruku, agbádá kò sì fẹ́ eruku.

Mo dìde, mo lọ. Mo kúnlẹ̀, mo yọ ẹfun tí mo máa ń mú lọ́wọ́, mo fi pa ẹ̀gbẹ́ táyà náà, mo fi àkísà nù ún díẹ̀. Bí a ṣe ń ka táyà tó ti gbó nìyẹn: ẹfun á kù sára nọ́ńbà tó yọ, dúdú á kù níyòókù. Mẹ́rin ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, mẹ́jọ tẹ̀ lé e. Mẹ́rin ni fífẹ̀ táyà, mẹ́jọ ni rímù tó ń wọ̀. Mo tún rí ilà gbọọrọ mẹ́ta tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Inú mi dùn, nítorí ilà yẹn gan-an la ń wá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti katakata lọ, ti iwájú kò ju kó júwe ọ̀nà. Bí táyà iwájú bá léyín, á kàn máa hú koríko nígbà tó bá ń yà. Bó bá sì dán, á máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilà ló ń dì í mú.

Mo padà wọlé, mo ní, "Kò le rárá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wọ irú ẹ̀. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi."

Háà! Ẹ ò bá wo ojú wọn. Ẹni tó ń gbàdúrà ìparí fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ìyá Táyà," Alága ní, "katakata tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run gbé wá láti ìlú òyìnbó, kẹ́ ẹ wá wọ bàtà Márúwá fún un? Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá bá wa ṣe Ìkórè o!"

"Ẹnjiníà, táyà kò mọ Bíṣọ́ọ̀bù."

Akọ̀wé jí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sọ̀rọ̀ àfojúdi.

Ọmọ Alága tó wà ní London ni wọ́n ní kó fi táyà ránṣẹ́. Ó gbé àwòrán sórí wásáàpù, táyà dúdú kan tó ń dán, tó sanra, gbogbo ìgbìmọ̀ ń kọ "Àmín" sábẹ́ ẹ̀. Mo kọ ọ́ sí wọn pé ó ti fẹ̀ jù, mẹ́fà ààbọ̀ ni, mẹ́rin là ń wá. Ẹnìkan dá mi lóhùn pé ohun tó bá tóbi ló ń yẹ Ọlọ́run. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń retí ẹrù yẹn, koríko ń ga. Ó ga títí a kò fi lè ka orúkọ Màmá Ìbídùn lára òkúta mọ́. Bàbá á dúró lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á fọwọ́ lé ọ̀pá, wọ́n á máa wo ọ̀ọ́kán. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Nígbà tí táyà dé, wọ́n fi òróró yàn án. Wọ́n wá ní kí n fi sí i. Rímù tín-ín-rín, táyà gbẹngbẹ, ó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí òkèlè kún lẹ́nu. Mo yí sítiárìn sápá ọ̀tún, ó lọ díẹ̀. Mo yí i sósì, rọ́bà lọ fara gbún irin.

"Ẹnjiníà, ó ń kan irin o. Kò ní yà."

"Táyà tuntun ni. Bó bá pẹ́ díẹ̀ á mọ́ra. Iṣẹ́ tiyín ni pé kẹ́ ẹ dè é."

Ibí yìí lẹ̀bi tèmi wà, n kò ní bò ó. Ọkọ mi kọ́ mi pé fọkanáísà kì í tú ọkọ̀ tó mọ̀ pé kò dáa sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo fẹ́ kójú tì wọ́n níta gbangba. Mo dè é, mo palẹ̀ mọ́, mo lọ jókòó sẹ́yìn bí ẹni tó ń retí eré. N kò rántí pé Bàbá ni yóò gùn ún.

Sátidé tó ṣẹ́ ku ọ̀sẹ̀ kan sí Ìkórè ni wọ́n ṣe ayẹyẹ táyà tuntun náà. Wọ́n ta kánópì, wọ́n gbé kúlà oúnjẹ wá. Bàbá wọ kóòtù, wọ́n gun katakata. Katakata lọ tààrà, ó lọ dáadáa, a pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó ti yà sósì lọ sójú oórì, mo rí ọwọ́ Bàbá lórí sítiárìn, wọ́n ń yí i, ó ń kọ̀. Òórùn rọ́bà gba gbogbo ibẹ̀. Ó wọ àárín òdòdó, ó jáde, ó dorí kọ kánópì ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà. Alága tí kò lè kúnlẹ̀ wo táyà nítorí agbádá, àga méjì ló fò kọjá! Kúlà dojú dé, ìrẹsì fọ́n ká. Ara ògiri ni katakata dúró sí, orúnkún Bàbá sì gbá irin.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run jọ̀ọ́, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ìgbìmọ̀ ṣèpàdé lójú ẹsẹ̀, lórí ìdúró. Wọ́n ní táyà kò lẹ́bi, ó ti London wá. Awakọ̀ ló ti dàgbà jù. Wọ́n ní kí àwọn onírin máa bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án. Iwájú Bàbá ni wọ́n ti sọ ọ́. Bàbá ń nu eruku kóòtù wọn, wọ́n ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú mi kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, ilé Bàbá ni mo gbà lọ, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jì mí, sà. Mo mọ̀ pé kò ní yà. Inú ló bí mi tí mo fi dákẹ́."

Bàbá ní, "Kì í ṣe ojú mi?"

"Kì í ṣe ojú yín, sà. Táyà ni."

"Kì í ṣe ọwọ́ mi náà?"

"Ọlọ́run ń gbọ́, sà, táyà ni."

Bàbá mí kanlẹ̀. Mo rò pé wọ́n á lé mi jáde, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n ní, "Aago mélòó ni wọ́n ní àwọn onírin ń bọ̀?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Kí àwa ti wà níbẹ̀ ní méje."

Nígbà tí Sátidé pé, mo ti yan méjì sílẹ̀ nínú táyà kẹ̀kẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo yan èyí tí ilà ẹ̀yìn rẹ̀ lọ gbọọrọ láìdá, mo tẹ̀ wọ́n wò kí n má baà mú èyí tó ti gbẹ lórí àtẹ. Aago méje ni èmi àti Bàbá dé ibi katakata, mo tú ti London kúrò, mo ki túùbù tuntun bọ tèmi. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni mo fún wọn. Kẹ̀kẹ́ ń gbé èrò mẹ́rin, ó fẹ́ kí táyà le. Katakata gbé Bàbá nìkan, bí táyà ẹ̀ bá le, á máa fò lórí koríko. Mo yí sítiárìn sọ́tùn-ún dé òpin, mo yí i sósì dé òpin. Kò kan nǹkan kan. Mo gbọ́ tí Bàbá ní, "Ọlọ́run ṣeun," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Bàbá ti gé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì dé ìdajì nígbà tí ọkọ̀ àwọn onírin wọlé, Alága tẹ̀ lé wọn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rí katakata tó ń yà yípo igi máńgòrò, ó la ẹnu.

"Ta ló fọwọ́ sí i?" Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí i, sà. Ó kàn ń lọ ni."

Ó tẹjú mọ́ táyà náà. "Èyí kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́...? Ìyá Táyà, tí Bíṣọ́ọ̀bù bá bi wá ńkọ́?"

Kí n tó dáhùn, Bàbá ti wà á dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n dáwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú àwọn onírin dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò tà á mọ́ ni?"

Bàbá ní, "Ẹ padà wá lọ́jọ́ tí mo bá kú. Kẹ́ ẹ kó èmi pẹ̀lú ẹ̀."

Ẹ̀rín pa àwọn onírin. Alága pàápàá fi fóònù bojú, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká ẹ̀ ń mì. Bàbá kò dúró gbọ́ ohunkóhun mọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n yà sósì, wọ́n wọ ojú oórì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n yí òkúta Màmá Ìbídùn ká, ìkẹta sún mọ́ ọn débi pé ọwọ́ Bàbá ń kan òkúta náà bí wọ́n ṣe ń kọjá. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró, mo lọ wò ó. Orúkọ Màmá ti hàn ketekete, kò sì sí koríko kan tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.